Urushi tí kò gbẹ lára àkọ̀ idà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí urushi, ìyẹn ọ̀dà ìbílẹ̀ Japan, tí ẹ fi kun àkọ̀ katana (idà Japan) yín kò fi gbẹ, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ sá a sóòrùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sá a rárá.

Urushi kì í gbẹ bí ọ̀dà ọjà. Oje igi ni, èròjà kan tí ń jẹ́ laccase sì wà nínú rẹ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin láti sọ ọ́ di líle, nítorí náà ibi tó bá gbẹ táútáú ni kì í ti í le. Àpótí pákó tí mo fi omi rin nínú ni mo máa ń gbé tèmi sí, n kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin ibẹ̀ wálẹ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Idà kò gbọdọ̀ sí nínú àkọ̀ náà o, nítorí ìpẹtà.

Mo tún fura pé ẹ kùn ún nípọn jù. Bó bá nípọn, òkè á le, abẹ́ á ṣì rọ̀, ojú rẹ̀ á sì hunjọ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa kùn ún, kí ìkùn kan sì le dáadáa kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Igi honoki tí wọ́n fi ń gbẹ́ àkọ̀ rọ̀, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ mu ògidì urushi, kí n tó fi èyí tí mo pò mọ́ ìyẹ̀fun amọ̀ dí ojú rẹ̀.

Ní ti dúdú tó ń dán bíi dígí, èyí tí wọ́n ń pè ní roiro, èédú àti omi la fi ń ha ìkùn ìkẹyìn títí dídán rẹ̀ yóò fi pòórá pátápátá. Lẹ́yìn náà la óò fi ògidì urushi díẹ̀ pa á, a ó nù ún kúrò, nígbà tó bá sì le, a ó fi òróró àti ìyẹ̀fun ìwo àgbọ̀nrín ra á. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń rà á, torí pé ó máa ń mọ gbúngbùngbún tí ojú kò rí.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Igi urushi bá mángòrò àti kajú tan, oje rẹ̀ tí kò tíì le sì ti lé ròrò sí mi lára dé ìpéǹpéjú.

Bí èékánná bá ṣì ń wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú àpótí, ẹ fi turpentine nù ún kúrò, kí ẹ sì tún un kùn pẹ̀lú urushi tuntun.