Igi Tí Èso Rẹ̀ Ń Bọ́ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ìbéèrè láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń gbin ápù igbó kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní crabapple sí etí igbó, pé èso rẹ̀ kì í tètè bọ́, àti pé ìgbà tí òtútù bá wọlé ni àgbọ̀nrín ń wá ṣà á jẹ. Mo ní ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Idigny tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, apá kan rẹ̀ sì ti di igbó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìgalà àti ẹtu ń wọ ibẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti rí ipasẹ̀ wọn. Ṣé mo lè ní kí àbúrò mi fi kóró igi náà ránṣẹ́ sí mi kí n gbìn ín?

Ìdáhùn:

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ìdílé kan náà ni crabapple àti ápù tí wọ́n ń tà lọ́jà ti wá, àfi pé èso tirẹ̀ kéré, kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Irú rẹ̀ kan a máa da gbogbo èso rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí èso rẹ̀ ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka títí wọ oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ̀, tí ó sì ń bọ́ díẹ̀díẹ̀. Irú kejì yìí ni àwọn tó fẹ́ kí àgbọ̀nrín máa wá sórí ilẹ̀ wọn ń wá kiri, nítorí pé ní àkókò náà èso mìíràn ti tán nínú igbó, ewé ti wọ́, ebi sì ń pa ẹran.

Ṣùgbọ́n igi náà kò lè so ní Kétu. Òtútù ló ń jí i láti tanná: ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún wákàtí nínú òtútù tó wà láàárín dígírì 0 sí 7, bí ọyẹ́ ilẹ̀ wa sì ti wù kó mú tó lóru, kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ irú tó ń pẹ́ kó tó bọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ so mọ́ ara igi mìíràn kí ó lè hù níbẹ̀; igi tó bá ti inú kóró rẹ̀ hù kì í sábà jọ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fi kóró rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú nínú ọgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo àkókò. Kí ẹ tó gbin igi kan, ẹ bi ara yín léèrè pé oṣù wo ni igbó yín kì í ní oúnjẹ. Ní agbègbè Kétu, òjò ń rọ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà títí dé Agẹmọ, ó sì tún ń padà wá ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Máńgòrò ń pọ́n ní Igbe sí Òkúdù, ìyeyè ń bọ́ láti Agẹmọ lọ, ewé tútù sì wà níbi gbogbo. Ẹni tó bá gbin ìyeyè nìkan torí ẹran ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó ti yó. Láti oṣù Bélú títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀ ni ìyà ń jẹ ẹran, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko tán tí iná sì ti jó èyí tó kù.

Igi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ni awin. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ ń gbó, ó sì lè wà lórí igi títí wọ oṣù Igbe. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, èèpo rẹ̀ dúdú tó rí bí àrán yóò fọ́, ẹ ó sì bá ẹran ara rẹ̀ tó gbẹ, tó dùn tó sì kan, àti kóró pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tó ń dán nínú rẹ̀. Nítorí pé ó gbẹ báyìí, kì í tètè jẹrà nísàlẹ̀ igi. Ẹyẹ àti ọ̀bọ ni yóò kọ́kọ́ bá a lókè, wọn a sì máa ja púpọ̀ sílẹ̀. Ẹtu mọ ìyẹn dáadáa, kì í jìnnà sí ibi tí ọ̀bọ bá ti ń jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń wá, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ igi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù: ojú pátákò rẹ̀ kéré, ó là sí méjì, ṣóńṣó rẹ̀ sì mú níwájú.

Àgbálùmọ̀ náà dára, nítorí pé láti oṣù Ọ̀pẹ̀ ló ti ń bọ́, àmọ́ ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin ló fẹ́, nítorí náà ìhà Pobè ni yóò ti gbádùn ju ìhà òkè Kétu lọ. Ẹ má sì fojú kéré òpòtò. Èso rẹ̀ ń so mọ́ ara ìtì fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn títí dé ìdí igi, kì í sì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo wọn ń pọ́n. Bí ẹ bá ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ṣòro kí gbogbo wọn ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí pọ̀npọ̀là bá sì wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ má gé e. Òdòdó rẹ̀ pupa tó ń já sílẹ̀ nínú ọyẹ́ jẹ́ oúnjẹ fún ìgalà àti ẹtu, bí àwọn ọdẹ àgbà ṣe mọ̀.

Gbogbo èyí yóò di asán bí iná bá wọ ibẹ̀. Kí oṣù Bélú tó parí, ẹ ro ilẹ̀ yí igbó náà ká títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, kí ó fẹ̀ tó kí iná má lè fò ó, kí ẹ sì bá àwọn tó múlé oko tì yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dáná. Ẹ fi ibi tí igbó ti dí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹtu kì í fẹ́ la gbangba kọjá lọ síbi oúnjẹ. Ní ti igi kékeré, ẹ fi ẹ̀gún yí i ká, torí pé ewúrẹ́ àti màlúù àwọn darandaran yóò débẹ̀ kí ẹtu tó dé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọgbà ni wọ́n ń ṣe yí crabapple ká ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, kí àgbọ̀nrín má baà jẹ ewé rẹ̀ tán tàbí kí ó fi ìwo bó èèpo rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dẹ pàkúté tàbí kí ẹ lúgọ pẹ̀lú ìbọn sábẹ́ igi tí ẹ fi pe ẹran. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin crabapple jẹ́ ọdẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín ibẹ̀ pọ̀ jọjọ, ìjọba sì ń dá àsìkò àti iye tí ẹnì kan lè pa fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹtu àti ìgalà tiwa sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí, abo méjì tí ẹ bá pa lè mú kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004 lórí ẹranko igbó ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì wà. Ẹ lọ bá àwọn ará Eaux et Forêts, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́:

Àgbàlá mi kò tóbi. Ṣé mo lè gbin igi tí ẹyẹ yóò máa wá sí?

Ìdáhùn:

Ẹ gbin òpòtò bí àyè bá wà tó jìnnà sí ògiri àti kànga, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn. Àdán yóò wá pẹ̀lú ẹyẹ. Ẹ má lé e, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jẹ èso tó bá ti ní ojú eyín lára.

Ìbéèrè láti Sabẹ̀:

Mo gbin kóró awin púpọ̀ nínú òjò tó kọjá, díẹ̀ ló hù. Kí ló fà á, bàbá?

Ìdáhùn:

Èèpo kóró náà le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi fáìlì tàbí òkúta ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí àwọ̀ inú yóò fi hàn díẹ̀, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbìn ín. Síbẹ̀, awin kì í yá láti so, èmi yóò sì kọ́kọ́ gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ wá èyí tó ti wà lórí ilẹ̀ yín ṣáájú. Igi rẹ̀ dára fún èédú àti pákò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e ní agbègbè yín. Ẹ bá àwọn tó ń sun èédú sọ ọ́ kí wọ́n dá ìyá igi sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti hù fúnra wọn nísàlẹ̀ igi, ẹ ro ìdí wọn, kí ẹ sì fi ọ̀pá sàmì sí wọn kí ẹni tó ń ṣán oko má baà gé wọn mọ́ koríko.