Ẹ bó máńgòrò yẹn fún àwọn ọmọ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ ní nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀yọ́ sọ fún yín pé inú èèpo ni fítámì wà, pé kí àwọn ìbejì yín ọlọ́dún mẹ́ta máa jẹ máńgòrò àti agbálùmọ̀ tèèpotèèpo, ìyá ọkọ yín sì ní kí ẹ máa bó o. Ní ti máńgòrò, ìyá ọkọ yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìdí igi máńgòrò ni mo dàgbà sí. Kò sẹ́ni tó ń bó o nílé wa. A ó fi eyín já a lórí, a ó fa omi rẹ̀ mu, a ó wá fi eyín họ inú èèpo rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Lóṣù kẹrin ọdún 2019, àbúrò mi já ti ẹ̀yìnkùlé wa kún agbọ̀n, oje ṣì ń kán ní ìdí wọn. N ò fọ̀ wọ́n, etí ìró ni mo fi nù wọ́n. Mo jẹ mẹ́fà.

Lọ́jọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ètè bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ètè òkè ti wú bo ti ìsàlẹ̀, ròrò wẹ́wẹ́ ti tò yí ẹnu mi ká bí ìgbà tí wọ́n da ọkà bàbà sí i. Omi ara wọn ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí. Ṣíbí ẹ̀kọ ò wọ ẹnu mi. Ọmọ mi tó ń rá kòrò rí mi, ó fi igbe ta, ó rá lọ bá bàbá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi bo ẹnu kí n tó lè jáde.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ibà àti tàífọ́ọ̀dù ni. Mo ní máńgòrò ni mo jẹ. Ó ní máńgòrò kì í ṣe èèyàn báyẹn. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta, mo sanwó. Ibòmíràn ní ọṣẹ tí mo fi ń wẹ̀ ni. Mo tún sanwó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni dókítà obìnrin kan, ọmọdé gan-an, gbé ọwọ́ mi yẹ̀ wò, ó ní, “Mà, ṣé kóró kajú ti bó yín lára rí?” Mo fi àpá ìka mẹ́ta hàn án. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí à ń yan kajú nínú agolo tí a dá lu, tí epo èèpo rẹ̀ ta sí mi lọ́wọ́. Ó ní ìdílé kan náà ni kajú àti máńgòrò, pé oje tó wà ní ìdí máńgòrò àti lára èèpo rẹ̀ fara jọ epo yẹn. Bí ara bá ti kọ ọ̀kan, ó lè kọ èkejì, kì í sì í sábà yọ lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn fura. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń bá mi bó o, mo sì ń jẹ inú rẹ̀ láìséwu.

Ó ṣì ń bí mi nínú. Nílùú tí àpò kóró kajú kún ìta, kí òṣìṣẹ́ ìlera má mọ èyí! Lóòótọ́ ni nǹkan aṣaralóore wà nínú èèpo, ṣùgbọ́n fítámì A àti C wà nínú ẹran máńgòrò náà pẹ̀lú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ bó o. Ẹ fọ ọwọ́ àti ẹnu àwọn ọmọ lẹ́yìn náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yan kajú ládùúgbò, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró síbi èéfín rẹ̀. Èso kajú tútù kò sí nínú èyí, kóró rẹ̀ ni mò ń sọ.

Máńgòrò tí wọ́n fi kábáìdì, kẹ́míkà tó ń mú èso tètè pọ́n, pọ́n ńkọ́? Ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lóde, inú rẹ̀ á le. Kábáìdì yẹn lè ní májèlé arsenic nínú. Àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọjà, orí rédíò nìkan la ti ń gbọ́ ohùn wọn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní èèpo máńgòrò.

Ẹ tún bèèrè agbálùmọ̀. Èèpo rẹ̀ kì í ṣe májèlé, gbogbo wa la jẹ ẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Kóró rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù fún ọlọ́dún mẹ́ta, ó ń yọ̀, ó lè há wọn lọ́nà ọ̀fun. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fún wọn.

Bí ètè èyíkéyìí nínú wọn bá sì ti ń pupa, ẹ sọ fún dókítà pé máńgòrò ni wọ́n jẹ, àti ọjọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́, kó tó kọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé mímí ló ń ṣòro, ẹ má dúró wo ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ lóru yẹn.