Ẹ má sanwó fláàṣì lórí ẹ̀rọ ìkàwé tójú ẹ̀ há

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Àbúrò mi tó wà ní London ló ra Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti Amazon, fún mi, ó di oṣù mẹ́rin báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá apá ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ há, apá òkè ṣì ń ṣí ìwé. Mo pa á, àwòrán yẹn ò kúrò. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní sọ́fútíwià ni, òun máa fláàṣì ẹ̀, ìyẹn ni pé òun máa tún sọ́fútíwià gbé sórí ẹ̀, ní ₦25,000. Kọ́sítọ́mà kéà ní tiwọn ní kí n tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n kàn fẹ́ lé mi dànù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e fún un. Ẹ jọ̀ọ́. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, owó tí àwọn èèyàn ń dà sínú fláàṣì yìí sì ń dùn mí.

Ojú Kindle kì í ṣe ojú fóònù. Fóònù, iná ló ń tàn, tíná bá ti kú ojú ẹ̀ ṣú. Èyí, e-ink ni wọ́n ń pè é, agolo pínńpín tójú lásán ò lè rí ló kún ibẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú àti funfun ló wà nínú wọn, iná á fa èyí tó bá fẹ́ wá sókè, ibi tó bá sì fi wọ́n sí náà ni wọ́n máa wà, kódà kí bátìrì kú pátápátá. Torí náà àwòrán tí ò kúrò yẹn ò sọ pé sọ́fútíwià há. Ohun tó ń ti lẹ́búlẹ́bú yẹn kiri ni ẹ wò. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, abẹ́ ló wà, ó sì lè sán kí òkè tí ẹ ń fọwọ́ kàn má ní àpá kankan. Ibi tó bá ti sán, iná ò débẹ̀ mọ́.

Ìyá kan gbé tiẹ̀ wá bá mi, ó ti sanwó fláàṣì lẹ́ẹ̀mejì níbòmíì. Òkè ẹ̀ ń dán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí ti igun ọ̀tún lọ sí àárín. Orí ṣájà ló tẹ̀ ẹ́ nínú báàgì. Sọ́fútíwià wo ló fẹ́ lẹ gíláàsì pọ̀?

Mi ò tíì rí tiyín o, mi ò lè búra. Tó bá jẹ́ gbogbo ojú ẹ̀ ló há, ó lè jẹ́ sọ́fútíwià lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì yìí, gíláàsì ni mo fura sí. Ohun tí kọ́sítọ́mà kéà ní kí ẹ ṣe yẹn gan-an ló máa fi hàn: ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 40, kó tún ara ẹ̀ tàn, kí ẹ sì máa ya fídíò ẹ̀ lọ. Apá tó bá yè á ṣẹ́jú dúdú funfun, èyí tó ti kú ò ní mira. Fídíò yẹn ni ẹ̀rí yín.

Àbúrò yín ni kó pe àwọn tó tà á fún un, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti Britain, ti ọdún 2015, sọ pé àléébù tó bá yọjú láàárín oṣù 6 ti wà lára ọjà látilẹ̀, àfi tí ẹni tó tà á bá fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni. Ẹ̀yin ṣì wà ní oṣù kẹrin! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí i, tó bá ti ṣí i pẹ́rẹ́, wọ́n á ní òun ló bà á jẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ jókòó lé e, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ìyẹn ò sí nínú wáráńtì.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá kàn rí lórí Google, ẹ má pè é. Inú àkáǹtì tí wọ́n fi rà á ni kó ti kàn sí wọn, ẹni tó bá sì bi yín ní OTP, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ dá Kindle náà padà, tẹ́ ẹ sì rí ẹni tó ń lọ sí London, báàgì ọwọ́ ni kó gbé e sí nítorí bátìrì, kí ẹ fi páálí líle bo ojú ẹ̀ kó tó wọ inú báàgì.