Ṣé títọpinpin ni kéèyàn máa wá ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè:

Àsàlámù aláékúmù, Áfáà wa. Ọmọ yín ni mí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń wá ohun tó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí: àwòrán, orúkọ, ọjọ́, àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ. N kì í jí páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. Oníjìbìtì kan gba owó arábìnrin kan lọ lórí ayélujára, ó fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́. Bàbá kan fẹ́ kí n wádìí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Ọkùnrin kan sì ti sanwó sílẹ̀ pé kí n fi àwòrán tí ìyàwó rẹ̀ tó kúrò nílé ń gbé síta mọ ibi tó ń gbé. Áfáà kan ní tajassus, ìyẹn títọpinpin, ni gbogbo rẹ̀, pé haráámù ni. Òmíràn ní ohun tí olóhun bá ti gbé síta ti di ti gbogbo ayé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tí a jọ ń kírun. Èwo ni ká tẹ̀lé? Ṣé mo sì lè gba owó iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn:

Wa aláékúmù sàlámù wa ráhámátúláhì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. Àwọn méjèèjì tó ń jiyàn yìí, etí aṣọ ni oníkálùkù wọn dì mú tó ń pè ní aṣọ.

Ẹni tó ní haráámù ni gbogbo rẹ̀ ka áyà kejìlá nínú Súrà Hujurāt, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá, kí a má sì ṣe tọpinpin ara wa. Òótọ́ ló kà. Ṣùgbọ́n áyà méjìdínlógún péré ni súrà yẹn, kí ló dé tí kò ka ìkẹfà rẹ̀? Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ní bí arúfin bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan níbi, kí a wá máa ka àbámọ̀. Ẹni tó bá ní kí Mùsùlùmí má wádìí nǹkan kan mọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa áyà kan ya.

Ẹ tún wo Ànábì Yaqub. Ìbànújẹ́ Yusuf ti gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ wádìí Yusuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sọ ìrètí nù nínú ìkẹ́ Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tí Àlùkùránì lò níbẹ̀ ni tahassus, ìyẹn wíwá ìròyìn kiri. Nínú àdíìsì Abu Hurayra tó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì wa kọ tahassus àti tajassus papọ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ànábì kan fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, tí Ànábì wa sì kọ̀ fún wa. Kí ló yà wọ́n? Yaqub ń wá ọmọ tó sọnù. Ẹni tí Ànábì wa ń bá wí ń wá àlèébù ọmọnìkejì rẹ̀. Ohun tí ojú ń wá ló fún wíwò ní ìdájọ́.

Ìwádìí kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀sìn yìí rárá, òun ló gbé e dúró. Shu'ba ibn al-Hajjaj, àgbà onímọ̀ àdíìsì, gbọ́ àdíìsì kan ní Kufa, ó bi olùkọ́ rẹ̀ pé lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ. Ó tọ orúkọ náà dé Makkah, láti Makkah ó dé Madinah, láti Madinah ó dé Basra, kó tó rí i pé ẹnu ẹni tí òun kò fọkàn tán ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní Baghdad, lọ́dún 447 Hijra, wọ́n mú ìwé kan jáde pé Ànábì ló kọ ọ́, pé ó fi yọ àwọn Júù Khaybar kúrò nínú sísan jísíyà, owó orí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, orúkọ àwọn sàhábà sì wà nídìí rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n gbé e fún al-Khatib al-Baghdadi, onímọ̀ àdíìsì àti ìtàn. Ó wò ó, ó ní irọ́ ni. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní orúkọ Mu'awiya wà níbí, bẹ́ẹ̀ ọdún tí wọ́n ṣí Makkah, ọdún 8, ló gba Islam, ọdún 7 sì ni ogun Khaybar. Orúkọ Sa'd ibn Mu'adh wà níbí, bẹ́ẹ̀ ó ti kú lẹ́yìn ogun Khandaq, ní ọdún 5. Ẹlẹ́rìí kan kò tíì gba ẹ̀sìn, èkejì ti wà nínú sàárè. Al-Khatib kò gun ògiri ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí gbogbo onímọ̀ mọ̀ ló tò síra wọn tí irọ́ fi tú. Iṣẹ́ tìẹ náà nìyẹn, nígbà tí o bá ń fi òjìji inú àwòrán wo ìgbà tí wọ́n yà á.

Ó ku ẹnì kejì, ẹni tó ní ohun tó bá ti wà ní gbangba kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ẹ̀rí tí irú wọn máa ń mú wá ni ti Abdullah ibn Mas'ud, tí Abu Dawud gbà wá: wọ́n mú ọkùnrin kan wá, wọ́n ní irùngbọ̀n rẹ̀ ń kán ọtí, Ibn Mas'ud sì dáhùn pé wọ́n ti kọ títọpinpin fún àwọn, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá hàn sí àwọn, àwọn á mú un. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tó hàn!" Mo bi wọ́n: ohun tó hàn fúnra rẹ̀, àbí ohun tí ìwọ fi òru mẹ́wàá wá jọ kó tó hàn?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí gan-an ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà. Sahl ibn Sa'd sọ, ó sì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé ọkùnrin kan fojú sí ihò ara ilẹ̀kùn Ànábì. Ànábì ń fi irin ìyarun yún orí rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó rí i, ó ní ká ní òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, òun ì bá fi irin yìí gún un lójú, àti pé torí ojú ni wọ́n ṣe fi ìtọrọ àyè lélẹ̀. Ẹ ronú sí ihò yẹn. Ọkùnrin náà kọ́ ló lu ú. Ó ti wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló sì wà, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè fojú sí i. Ihò yẹn náà wà ní gbangba! Kò sì gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ ìbáwí.

Ohun kékeré kan kò jọ nǹkan, àfi bí o bá tò ó mọ́ òmíràn. Obìnrin kan ya àwòrán ara rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Òrùlé ilé kejì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwòrán mìíràn, apá kan pátákó ìsọ̀ gba igun kan kọjá. Nínú ìkẹta, ó ń mú ọmọ rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́, àmì ilé ẹ̀kọ́ sì wà láyà aṣọ ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, lóòótọ́. Àmọ́ kò fìgbà kan sọ fún ayé pé ibí ni mò ń sùn. Ìwọ lo sọ ọ́, nígbà tí o kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ohun tí ó tinú àkójọ náà jáde, ìwọ lo dá a, ìwọ ni wọn yóò sì bi nípa rẹ̀. Nínú àdíìsì Abu Barza, Ànábì ní ẹni tó bá ń tọ àṣírí àwọn èèyàn lẹ́yìn, Ọlọ́hun yóò tọ tiẹ̀ lẹ́yìn, yóò sì dójú tì í nínú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "títọ̀ lẹ́yìn" yẹn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ni. Àwa tí a wà lórí ilé ẹ̀kọ́ Imam Malik, a máa ń wo ibi tí ọ̀nà yọ sí kí a tó ní ọ̀nà dára. Bí ọ̀nà bá yọ sí ìpalára, a dí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Muwatta, ìwé àdíìsì rẹ̀, náà ni Malik ti gbà á wá pé kò sí ìpalára, kò sì sí gbígbẹ̀san ìpalára.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí o máa bi ara rẹ: ta ló ni ẹ̀tọ́ tí mò ń wá? Níbo ni ẹ̀tọ́ náà ti parí? Ta ni n óò fi ohun tí mo bá rí lé lọ́wọ́?

Arábìnrin tí wọ́n gba owó rẹ̀, wọ́n ṣe àbòsí sí i. Nínú Súrà Nisā, Ọlọ́hun yọ ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí kúrò lára àwọn tí kò gbọdọ̀ ké ibi síta. Ràn án lọ́wọ́, láàdá ni. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an lọ sọ́dọ̀ áfáà tó ń tẹ yanrin láti mọ olè. Ẹni tó bá lọ bi woṣẹ́woṣẹ́ ní nǹkan, ogójì òru ni wọn kò ní gba ìrun rẹ̀. Ọjọ́ àti àwòrán ni kí ẹ tẹ̀ dípò yanrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dọwọ́ ẹni tó pe ẹjọ́. Tọ́jú ojú ìwé náà bó ṣe wà kí oníjìbìtì tó pa á rẹ́, kọ ọjọ́ àti wákàtí tí o rí i, kí o sì fi sílẹ̀ fún ọlọ́pàá tàbí adájọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Yunifásítì California ní Berkeley gbé ìlànà kan jáde ní 2020 lórí irú ìwádìí báyìí. Èyí tó wà nínú rẹ̀ lórí pípa ẹ̀rí mọ́ àti yíyẹra fún ìpalára kò ta ko ohun tí a mọ̀.

Má gbé orúkọ kankan síta. Orúkọ máa ń jọra, ojú náà máa ń jọra. Nígbà tí wọ́n yin MH17, bàálù Malaysia, bọ́ ní Ukraine lọ́dún 2014, tí èèyàn 298 kú, àwọn olùwádìí fi fọ́tò àti fídíò tí àwọn ará àdúgbò gbé síta tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ tó gbé ohun ìjà náà, ó sì wúlò fún ilé ẹjọ́. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú níbi eré sísá ti Boston ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n kan náà ni àwọn mìíràn fi ń fi àwòrán wé àwòrán, wọ́n bá pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹbí rẹ̀ ń wá. Òun kọ́. Ó ti kú, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdílé tó ń fi omijé wá ọmọ ni wọ́n ń bú.

Ti bàbá tó ń wádìí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó tọ́. Nígbà tí Fatimah bint Qays wá gba ìmọ̀ràn lórí Mu'awiya àti Abu Jahm, Ànábì sọ fún un pé ọ̀kan kò lówó lọ́wọ́, èkejì kì í gbé ọ̀pá kúrò léjìká. Kò sọ ju ohun tó kan ìgbéyàwó lọ. Wádìí bóyá ó ní ìyàwó tí kò sọ, bóyá iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe wà, bóyá ó máa ń lu obìnrin. Bí o bá bá ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tó ti fi sílẹ̀ pàdé, yẹ ojú kúrò. Má sì fi orúkọ irọ́ ṣí ojú ìwé láti bá a ṣọ̀rẹ́. Irọ́ ni, wíwọlé láìgbàyè sì ni pẹ̀lú.

Ìyá kan gbé fóònù wá bá mi nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwòrán ọkọ ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ ìgbéyàwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin mìíràn. Wọ́n ti fẹ́ tú yìgì ká. Ọmọ ilé kéú wa kan gba fóònù náà, ó fẹ àwòrán lójú. Orúkọ tọkọtaya wà lára aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn wọn: orúkọ ọkọ náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló jẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gé ọkọ ìyàwó gan-an kúrò lára àwòrán, èjìká rẹ̀ kan ló kù. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni ìwádìí náà gbà.

Ibí ni n óò ti bá àwọn kan wí, kò sì ní dùn mọ́ wọn. Àwọn tó ń wá àwòrán arábìnrin kan ṣáájú kó tó ronú pìwà dà, tí kò tíì máa wọ híjáábù, tí wọ́n ń gbé e síta, tí wọ́n sì ń pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní jarh wa ta'dil, ìyẹn yíyẹ àwọn tó gba àdíìsì wá wò! Àdáádáálẹ̀ burúkú ni. Nítorí àdíìsì Ànábì ni àwọn aṣíwájú ṣe ń sọ àlèébù olùgbàwá. Wọ́n á sọ pé irọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tàbí pé orí rẹ̀ kò dá nǹkan dúró mọ́, wọ́n á dákẹ́. Àdíìsì wo ni arábìnrin yìí gbà wá? Ta ló fi yín jẹ Yahya ibn Ma'in, àgbà nínú àwọn tó ń yẹ olùgbàwá wò? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, hàláàlì ni fún ọ, jẹ ẹ́ pẹ̀lú bisimilāhi. Ìkẹta ni mo kọ̀ fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwòrán yẹn ló wà ní gbangba. O kò mọ ohun tó lé obìnrin náà jáde. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní ìyàwó òun ni, pé òun lẹ́tọ̀ọ́, ka áyà karùndínlógójì Súrà Nisā fún un: olùlàjà kan láti ìdílé ọkọ, olùlàjà kan láti ìdílé ìyàwó. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́hun ní kó gbà wọlé nìyẹn, kó lọ bá àwọn òbí ìyàwó náà. Dá owó rẹ̀ padà fún un lónìí, kí o sì pa àwọn àwòrán obìnrin náà rẹ́ lórí fóònù rẹ kí o tó sùn.