Ta Ló Ní Kí Ọmọ Náà Má Sọ?

Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Texas, ni lẹ́tà yìí ti wá. Ojú ìwé mẹ́rin ni, mo gé e kúrú:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́tàlá láti oṣù kẹwàá tó kọjá. Ọdún mẹ́ta ló fi wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní kílọ́ọ̀bù rẹ̀, líìgì ECNL, ọ̀kan lára líìgì bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì ń gbá. Lọ́dún yìí tí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ orí padà, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ ká, wọ́n kó ọmọ tuntun mẹ́rin wọlé láti ibòmíràn, wọ́n wá sọ tèmi sí ẹgbẹ́ kejì. Lóòótọ́ kò sáré dáadáa lọ́jọ́ tryout, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń dán ọmọ wò kí wọ́n tó yàn, torí orúnkún rẹ̀ kan ń dùn ún díẹ̀ láti oṣù kejì. A máa ń fi yìnyín sí i lálẹ́, mo sì ní kó má tíì sọ fún kóòṣì títí wọn yóò fi yan ọmọ tán. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbejì rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n mú, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ. Ṣé kí n mú un lọ sí kílọ́ọ̀bù kan tó jìn sí wa tó wákàtí kan ààbọ̀, àbí kí n kọ̀wé sí kóòṣì? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì ni à ń lé."

Láti oṣù kejì. A ti wọ oṣù kẹfà. Oṣù mẹ́rin ni orúnkún ti ń dun ọmọ, o sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Nínú ojú ìwé mẹ́rin rẹ, kóòṣì gba ojú ìwé kan ààbọ̀, Ìyá Ìbejì gba odindi ojú ìwé kan, orúnkún gba ìlà mẹ́ta. Mo tún un kà, bóyá mo fo ibi tí o ti mú un lọ rí dókítà. N kò fo nǹkan kan.

"Díẹ̀" wo? Ìrora tí ń gba yìnyín lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́rin, ta ló wọ̀n ọ́n tó fi jẹ́ díẹ̀? Ó lè jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Osgood-Schlatter, tó wọ́pọ̀ lára ọmọ tí eegun rẹ̀ ń yára dàgbà, tó sì ń sáré, tó ń fò: iṣan máa ń fa eegun níbi tó ti so mọ́ ọn nísàlẹ̀ orúnkún. Ìsinmi àti dídín eré kù ló sábà máa ń wò ó. Ó sì lè má jẹ́ ìyẹn rárá. Èmi kì í ṣe dókítà, ìwọ náà kì í ṣe dókítà, yìnyín kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ohun tí gbogbo kóòṣì obìnrin ní Amẹ́ríkà mọ̀ ni pé iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL máa ń já lára àwọn ọmọbìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù ju ti ọkùnrin lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún lè má padà sórí pápá fún oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 17 ni Alex Morgan, agbábọ́ọ̀lù obìnrin Amẹ́ríkà, nígbà tí tirẹ̀ já. Mo mọ̀ pé ìwọ yóò fò mọ́ èyí pé "Ẹ wò ó, òun náà padà, ó sì gba Ife Àgbáyé méjì." Ó padà nítorí pé wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Èyí ló mú kí n dáhùn. Irú lẹ́tà yìí ti wá bá mi láti Maryland, ó ti wá láti Atlanta. Ìyá kan ní kí ọmọ tú bándéèjì orúnkún rẹ̀ sínú mọ́tò kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí kóòṣì má bàa rí i. Àwọn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ bí ó bá sín lẹ́ẹ̀mejì ni o!

Ní ti ọjọ́ orí tí wọ́n yí padà, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ ṣírò. Títí di sáà 2025-26, oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ni wọ́n fi ń pín ọmọ. Ọmọ rẹ, ọmọ oṣù kẹwàá, àwọn tó fi oṣù mẹ́sàn-án jù ú lọ ló ń bá díje, ó sì wà ní ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fún ọdún mẹ́ta. Láti sáà 2026-27, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ni. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ rẹ ti di ọ̀kan lára àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyípadà tí o ń sunkún lé lórí, ọmọ rẹ ló ṣe lóore! Kí ló wá gbé e ṣubú? Kóòṣì rí ọmọ tí kò lè sáré, kò sì mọ ìdí, nítorí pé ìwọ lo fi ìdí náà pa mọ́ fún un. Ipò tí o ń tìtorí rẹ̀ pa ẹnu ọmọ mọ́, pípa tí o pa á mọ́ lè jẹ́ ohun tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin tó wọlé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìyá Ìbejì náà, fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òfin NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí kóòṣì yunifásítì ńlá pe ọmọ títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá. Ọmọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì keje ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ṣì wà níwájú kí fóònù ẹnikẹ́ni tó dún. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sì nìyẹn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 14 péré ni yunifásítì kan lè fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin rẹ̀, wọ́n á sì gé e wẹ́wẹ́ pín. Ní 2025 ni wọ́n fi gbèdéke ọmọ 28 rọ́pò rẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó gba àdéhùn tuntun tó ti ilé ẹjọ́ wá, ṣùgbọ́n wíwà nínú ẹgbẹ́ kò sọ pé wọn yóò san owó rẹ. Esther Okoronkwo, agbábọ́ọ̀lù Super Falcons, tó dàgbà ní Richmond, tí kò jìnnà sí ilé rẹ, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ló gbà kọjá kó tó dé Lamar University. Òun ló gbá pẹnáritì wọlé nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní Rabat ní oṣù keje 2025, nígbà tí Morocco ti fi góólù méjì ṣíwájú Super Falcons, kí àwọn Falcons tó borí 3-2. N kò gbọ́ pé ẹnì kan bi í léèrè lọ́jọ́ náà pé ẹgbẹ́ kìíní tàbí ìkejì ló wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá.

Ohun kan ṣì ń bí mi nínú. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, ọmọ yìí kò sọ̀rọ̀ rárá. Kò sí ibì kan tí o ti kọ "ó ní". N kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, bóyá ó ń sunkún, bóyá ara tilẹ̀ tù ú láti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń ṣe ni pé ó ń dákẹ́, nítorí pé ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ tó burú ju orúnkún lọ bá dé bá a, ta ni o rò pé yóò sọ ọ́ fún?

Kílọ́ọ̀bù tó jìnnà: rárá. Orúnkún tí ń dùn, o fẹ́ ká a sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́?

O ní kí n bá ọ kọ lẹ́tà sí kóòṣì. Ó dáa. Kọ́kọ́ pe dókítà àwọn ọmọdé, gba ọjọ́. Lẹ́yìn náà, jókòó ti ọmọ, sọ fún un pé ìwọ lo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe òun. Kí o wá kọ èyí:

"Kóòṣì, orúnkún ọmọ mi ti ń dùn ún láti oṣù kejì. Èmi ni mo ní kó má sọ fún yín. Kò ní wá sí pápá títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí yín."

Fi í ránṣẹ́ lónìí. Má fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kún un.