Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Fọ́tò Ojúde Ọba ń di eérú lórí mẹ́mórì káàdì mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí. Àyè inú láptọ̀ọ̀pù mi kò ju 64GB lọ, Windows sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Mo ra mẹ́mórì káàdì 256GB lówó pọ́ọ́kú, mo tì í bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ̀ọ̀pù, mo kó fọ́tò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) kan tí mo yà lọ́jọ́ Ojúde Ọba sí i, mo wá fọ́máàtì káàdì kámẹ́rà. Àwọn tí mo kọ́kọ́ kó ń ṣí dáadáa. Àwọn tó tẹ̀lé e, orúkọ wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì fọ́tò ló ń hàn, ìyókù á di àwọ̀ eérú. Ó tún ń lọ́ra. Ṣé láptọ̀ọ̀pù ni àbí káàdì? Báwo ni mo ṣe lè dán an wò? — Ayàwòrán, Ìjẹ̀bú-Òdé

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kí a tó dé orí ìdánwò rárá, jọ̀ọ́, má fi káàdì kámẹ́rà yẹn ya fọ́tò kankan mọ́. Bí o tilẹ̀ ti fọ́máàtì rẹ̀, fọ́tò tí nǹkan mìíràn kò tíì gorí rẹ̀ ṣì lè jáde. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ PhotoRec máa ń wá irú wọn rí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó bá rí, orí dísíìkì mìíràn ni kí o kó o sí. Aṣọ ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ náà wọ̀ jáde, wọn ò ní tún un wọ̀ wá síwájú ọba kí o lè yà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí o ṣàlàyé yìí jọ ti káàdì ayédèrú pátápátá. Mo ń rí i léraléra níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìbàdàn Gáréèjì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú káàdì tó máa ń sọ fún láptọ̀ọ̀pù bí àyè rẹ̀ ṣe tó. Àwọn oníjìbìtì á mú káàdì 16GB, wọ́n á yí ẹ̀rọ yẹn padà kó máa pe ara rẹ̀ ní 256GB. Kóńgò gàrí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ni. Ohun tó kọ́kọ́ dé á ráyè. Ohun tó bá kọjá 16GB, káàdì á ní òun ti gbà á, á sì dà á nù tàbí kó kọ ọ́ lé ti àtẹ̀yìnwá lórí. Ibòmíràn nínú káàdì ni àkọsílẹ̀ orúkọ fáìlì máa ń wà, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń hàn tí fọ́tò fúnra rẹ̀ kò sí.

Kó àwọn tó ṣì ń ṣí kúrò lórí rẹ̀, kí káàdì náà ṣófo, kí o wá kún un dẹ́nu, kí o sì kà á padà. Ètò H2testw ni mo máa ń lò fún ìdánwò yìí lórí Windows. Ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà c't ti Jámánì ló gbé e jáde. Yan English lójú rẹ̀, yan káàdì náà, fi í sí “all available space”, kí o tẹ “Write + Verify”. Á máa kọ fáìlì 1GB tẹ̀léra wọn títí àyè yóò fi tán, á wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tó kọ náà ló ń kà. Bí DATA LOST (ìyẹn ni pé ohun tó kọ ti sọnù) bá jáde, gba owó rẹ padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ètò F3 ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí Linux. Ìgbà tí iná bá wà tí bátìrì sì kún ni kí o bẹ̀rẹ̀: káàdì 256GB tó ń kọ 20MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gbà ju wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lọ kó tó kún, kó tó wá kan kíkà. Bí 256GB bá sì hàn bí 238GB, má bá ẹnikẹ́ni jà, bí Windows ṣe ń ṣírò nìyẹn.

Ní ti ìyára, nọ́ńbà ńlá tó wà lójú káàdì, kíkà ló sábà máa ń jẹ́. Àmì wẹ́wẹ́ ni kí o wá. C10 àti U1 ń ṣèlérí pé kíkọ kò ní dín ní 10MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (10MB/s), U3 àti V30 ń ṣèlérí 30MB/s. Dán an wò pẹ̀lú ètò CrystalDiskMark, kí o má wo ìlà SEQ (kíkọ fáìlì ńlá tẹ̀léra) nìkan, wo RND4K (kíkọ wẹ́wẹ́ káàkiri) tó wà nísàlẹ̀. Káàdì tó ní àmì A1 pàápàá, kíkọ 500 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìlérí rẹ̀, tó jẹ́ bíi 2MB péré bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 4KB. Nítorí náà, bí o bá ń lo Lightroom láti tún fọ́tò ṣe, fi kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ (àkọsílẹ̀ tó ń kọ wẹ́wẹ́ sí léraléra) sínú láptọ̀ọ̀pù. Fọ́tò tí o ti ṣe tán ni kí o kó sórí káàdì.

Ihò káàdì náà lè jẹ̀bi. USB 2.0 ló wà nídìí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ láptọ̀ọ̀pù olówó kékeré, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 40MB/s. Yá card reader (ẹ̀rọ tí a fi ń ka káàdì) USB 3 lọ́wọ́ ẹnìkan, kí o fi dán káàdì kan náà wò.

Káàdì gidi pàápàá máa ń kú lójijì láìfọhùn. Fọ́tò oníbàárà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ nìkan. Bí owó bá wọlé, dísíìkì ìta ni kí o kọ́kọ́ rà, kí káàdì wá jẹ́ ẹ̀dà kejì. Kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú ohun tí PhotoRec bá rí.