Owó tí POS ń jẹ lórí àdìrẹ: ibo ló ń gbà lọ?

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá rajà láti Èkó kì í kó owó lọ́wọ́ mọ́, káàdì ni wọ́n ń nà sí mi. Owó POS ń bọ́ sí àkáǹtì current mi. Tó bá di alẹ́, mo máa ń gbé e lọ sí current mi kejì ní báńkì mìíràn, ibẹ̀ ni mo ti ń san owó aláró àti owó aṣọ funfun. Bí oṣù bá parí, èrè kì í pé. Ṣé kí n máa fi ₦200 lé owó ẹni tó bá fi káàdì san ni, àbí kí n dá POS padà?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a padà, ẹ má sì fi ₦200 lé ẹnikẹ́ni. Ìlànà CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, lórí POS kò gbà kí ọlọ́jà gba iye tó yàtọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi káàdì san. Ká tiẹ̀ ní òfin ò sí, ẹni tó bá gbọ́ ₦200 lórí aṣọ tó ti ná tán yóò yà sí ìsọ̀ kejì, aláṣọ ò sì wọ́n ní Ìtòkú.

Ibi méjì ni owó yín ń gbà jáde. Ọ̀kan wà lójú POS, ẹ mọ ìyẹn. Èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jọ pé ẹ ò kà á sí.

Nínú ìwé ìlànà owó iṣẹ́ báńkì tí CBN gbé jáde ní 2020, 0.5% ni wọ́n lè yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà lórí káàdì, kò sì gbọdọ̀ kọjá ₦1,000 lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ ₦4,000, ₦20 ni. Aṣọ ₦45,000, ₦225 ni. Tí ọjà bá ti wọ ₦200,000, ₦1,000 ti pé, kò tún lè lé mọ́: ẹni tó ra ₦400,000, ₦1,000 náà ni. Àmọ́ bí ẹ bá fa káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦100,000 ₦100,000, ₦500 ni wọ́n á yọ lórí ìkọ̀ọ̀kan, ó di ₦2,000. Ohun tó sábà ń fa pípín yìí ni gbèdéke iye tí káàdì oníbàárà lè san lẹ́ẹ̀kan: POS kọ iye ńlá, ọlọ́jà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́wẹ́. Ẹ má gé e. Ẹ ní kó ṣe tiransífà.

Tiransífà ti wá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀yin ọlọ́jà. Tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí owó wọlé fún ni wọ́n ti ń yọ ₦50 ìjọba lórí iye tó bá tó ₦10,000. Láti January 2026, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Stamp duty ni orúkọ tí ẹ ó rí fún ₦50 yìí nínú àkọsílẹ̀. Nítorí náà, bí oníbàárà bá fi ₦45,000 ránṣẹ́, ₦45,000 ló máa wọlé fún yín. Òun ni yóò san owó tiransífà ₦25 pẹ̀lú VAT (owó-orí), ìyẹn ₦26.88, àti ₦50 yẹn. Bí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦10.75 péré ni. Bó bá ju ₦50,000 lọ, ₦53.75 àti ₦50.

Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì yín gàdàgbà síbi tí oníbàárà á ti rí i, kí ẹ sì béèrè kí ọwọ́ yín tó kan POS: "Ṣé ẹ máa ṣe tiransífà?" Tó bá ní káàdì lòun fẹ́, ẹ gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lórí ọjà ₦3,000 tàbí ₦4,000, èmi ò ní dààmú ẹnikẹ́ni nítorí ₦20. Ọjà ₦30,000 sókè ló yẹ kí ẹ máa béèrè lé lórí.

Ewu tiransífà ni àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ẹ má wo ojú fóònù oníbàárà, ẹ má sì gba SMS gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè tẹ SMS tó jọ ti báńkì. Ẹ ṣí áàpù yín, ẹ rí i pé owó tó wà nílẹ̀ ti lé, kí aṣọ tó kúrò nílẹ̀.

Ó wá ku ibi kejì, ti ẹ̀yìn POS. Ká ní ₦225,000 wọlé lónìí, tí ẹ gbé e lọ sí báńkì kejì lálẹ́. ₦53.75 lọ fún tiransífà, ₦50 fún stamp duty. Báńkì àkọ́kọ́ tún lè yọ ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá jáde láti current lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí lọ sí àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn: ₦225 nìyẹn. Àròpọ̀ rẹ̀, ₦328.75. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ́jọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ó lé ní ₦8,500, ẹ ò sì tíì san kọ́bọ̀ fún aláró. Nígbà tí ẹ bá wá san án láti current kejì, ₦1 lórí ₦1,000 tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa san aláró tààrà láti ibi tí owó POS ń bọ́ sí. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn báńkì yẹn, ẹ ní kí àwọn tó fún yín ní POS yí àkáǹtì tó ń bọ́ sí padà sí èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ sì kó owó aláró jọ: ₦15,000 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ń gba ₦230.64, ₦45,000 lẹ́ẹ̀kan ń gba ₦76.88. Bí aláró bá lè dúró di Friday, èrè yín ni.

Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù tó kọjá, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo 26.88, 53.75, stamp duty àti owó SMS, kí ẹ sì ro ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí owó káàdì bá ju 0.5% lọ, ẹ kọ̀wé sí báńkì. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN.

Ẹ tún wò ó bóyá POS ọlọ́jà ni tiyín, tàbí ti aṣojú báńkì, irú èyí tí wọ́n fi ń fúnni lówó létí títì. Láti December 2024 ni CBN ti ní kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀, oníbàárà kan ò sì lè gba owó tó ju ₦100,000 lọ jáde lójúmọ́ lórí ti aṣojú. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ fi ń tajà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ti àwọn tó ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wọ́n jù. Paystack, fún àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba 1.5% pẹ̀lú ₦100 lórí káàdì ilé, kì í sì kọjá ₦2,000: ₦775 lórí ₦45,000. Lórí káàdì òkè òkun, 3.9% àti ₦100 ni. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ẹ fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fi owó yẹn sínú iye aṣọ kí ẹ tó dá a lóhùn.